Ṣíbí Ààrẹ Akínbọ̀dé

Agogo mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé ni, nínú oṣù kejì ọdún 1996. Kùrukùru bo Arcella, àdúgbò kan ní Padova ní Itálì, débi pé ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà capannone, ilé ìkẹ́rùsí ńlá tí ẹgbẹ́ ń lò fún ìpàdé kò lè rí òdìkejì títì. Òtútù ọjọ́ náà kì í ṣe ti yìnyín. Ti omi ni, irú èyí tó máa ń gba abẹ́ kóòtù wọlé tí kì í sì í tètè lọ.

Inú kùrukùru yìí ni Ààrẹ Kọ́lápọ̀ Akínbọ̀dé ti yọ. Ó gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ oṣù méje, sí apá òsì. Ó gbé àpótí kékeré kan tí wọ́n fi àrán pupa tẹ́ nínú sí apá ọ̀tún. Ibà ń ṣe ọmọ náà, ara rẹ̀ gbóná bí ike omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi gbígbóná sí. Ṣíbí ló wà nínú àpótí. Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó ń dì mú pẹ̀lú ìṣọ́ra jù nínú méjèèjì, ẹ ní sùúrù, kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ bí ṣíbí ṣe di ẹni tó ń sun orí àrán.

Láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Jímọ̀, Akínbọ̀dé kì í ṣe ààrẹ ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ẹnu ẹ̀rọ omi ló wà, ní ọ̀nà Limena. Wákàtí mẹ́jọ ló fi ń dúró nídìí ẹ̀rọ tó ń dán irin, títí imú rẹ̀ yóò fi dúdú. Bí capo, ọ̀gá iṣẹ́, bá pè é, ìdáhùn rẹ̀ kò ju méjì lọ: "Sì, capo," tàbí "Subito, capo," ìyẹn kíákíá. Ó dà bíi pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò rí àyè sọ láàárín ọjọ́ márùn-ún wọ̀nyí máa ń kóra jọ sínú ikùn rẹ̀ ni, nítorí bí Sátidé bá ti dé, tó wọ agbádá, tó sì gbé fascia kọ́ èjìká, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró mọ́. Ọ̀dọ̀ olórí ìlú ló ti rí fascia kọ́. Ó rí sindaco níbi ayẹyẹ kan ní Prato della Valle, tí ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta gba àyà rẹ̀ kọjá, ó sì lọ rán tirẹ̀ ní àwọ̀ ewé àti funfun. Ó rí i dájú pé tirẹ̀ fi ìka mẹ́rin fẹ̀ ju ti sindaco lọ.

Ẹgbẹ́ Ìṣọ̀kan Arcella ló jẹ́ ààrẹ fún, nǹkan bí ọgbọ̀n ìdílé. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà kò pọ̀: kí wọ́n kí ẹni tó bímọ, kí wọ́n bá ẹni tó ń wá ilé wá ilé, kí wọ́n bá ẹni tó pàdánù ènìyàn jókòó. Ààrẹ kan kò lè ba èyí jẹ́ púpọ̀, bó ti wù kó gbìyànjú tó. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé láti consultorio, ilé ìwòsàn àdúgbò.

Dottoressa Marangon ló kọ ọ́, dókítà àwọn ọmọdé tí gbogbo ìyá Arcella mọ̀. Ó ní òun ń rí ọmọ tí wọ́n fún ní oògùn ju bó ti yẹ lọ, òun sì ń rí èyí tí wọ́n fún ní ìwọ̀nba tí kò lè ràn án lọ́wọ́, kì í ṣe nítorí pé àwọn ìyá kò fẹ́ràn ọmọ wọn, bí kò ṣe nítorí pé ìwé inú páálí oògùn kò yé wọn. Ó bẹ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n rán ẹnìkan wá gbọ́ àlàyé wákàtí méjì, kí onítọ̀hún padà lọ ṣàlàyé fún àwọn yòókù ní èdè wọn.

Àwọn ìyá fẹ́ kí Oyèrónkẹ́ lọ. Oyèrónkẹ́ ni ìyàwó Akínbọ̀dé. Ìyá àgbà Itálì kan ló ń tọ́jú, ó sì ti lé ní ọdún méjì tó ti ń fún ìyá náà ní oríṣi oògùn mẹ́jọ lójúmọ́ pẹ̀lú aago àti ìwé tí kò ṣàṣìṣe kankan nínú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n Akínbọ̀dé ní kò bójú mu kí ìyàwó ṣojú ẹgbẹ́ nígbà tí ọkọ jẹ́ ààrẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ, pẹ̀lú fascia.

Iwájú ló jókòó sí. Dottoressa gbé síríńjì kékeré kan sókè, èyí tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu, tí wọ́n máa ń kó sínú páálí oògùn ọmọdé. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, nítorí kílò ọmọ ni oògùn rẹ̀ ń tẹ̀lé. Ó ní oògùn tí à ń kán lẹ́kán-lẹ́kán lágbára ju èyí tí à ń bù lọ, bí orúkọ wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ìgò kan pọ̀ mọ́ òmíràn, kí wọ́n má fi ṣíbí ìdáná wọn oògùn, kí wọ́n sì máa kọ wákàtí tí wọ́n fún ọmọ sílẹ̀. Ohun tó sọ nìyẹn. Akínbọ̀dé kò gbọ́ ìkankan nínú rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí yóò sọ ní ìparí ló ń tò lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sì sọ ọ́, fún ìṣẹ́jú márùndínlógójì. Ní ìparí wọ́n fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ní attestato, ìwé pélébé tó sọ pé onítọ̀hún wá. Obìnrin tó ń gbálẹ̀, tó wọlé wá mú ìgbálẹ̀ rẹ̀ tó sì jókòó sinmi díẹ̀, gba tirẹ̀ náà.

Akínbọ̀dé fi tirẹ̀ sínú férémù aláwọ̀ wúrà.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e ó pe ìpàdé, ó gbé férémù náà sórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó sì ní láti ọjọ́ náà lọ òun ni Alábòójútó Àgbà fún Oògùn Gbogbo Ọmọ Wẹ́wẹ́ ní Arcella àti Agbègbè Rẹ̀. Òfin mẹ́ta ló gbé kalẹ̀.

Èkíní jẹ́ ti ìgò. Ó bi wọ́n pé kí ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ní Ìṣọ̀kan. Ó ní báwo wá ni ẹgbẹ́ ìṣọ̀kan yóò ṣe ní ìgò oògùn ibà mọ́kànlá, tí ọ̀kan kò bá ọ̀kan ṣe? Níbẹ̀ ni wọ́n ti gba gbogbo oògùn ibà tó wà nílé oníkálukú, èyí tí wọ́n gbé láti ilé wá àti èyí tí wọ́n rà ní farmacia, èyí tí à ń bù àti èyí tí à ń kán, wọ́n dà wọ́n pọ̀ sínú ike ńlá kan tó ti gbé omi ọsàn rí. Àwọ̀ tó yọ kò ní orúkọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Fọláyan, lẹ ìwé mọ́ ọn lára, ó kọ IBÀ sí i gàdàgbà.

Èkejì jẹ́ ti ṣíbí. Fọláyan yìí kan náà ló fi ta Ààrẹ lọ́rẹ lọ́jọ́ tí wọ́n fi jẹ oyè. Ṣíbí fàdákà ni, irú èyí tí wọ́n fi ń bu ìrẹsì fún àlejò, orúkọ Ààrẹ sì wà lára ìdìmú rẹ̀. Òfin ní ṣíbí yìí nìkan ni wọn yóò máa fi wọn oògùn fún gbogbo ọmọ.

Ẹ̀kẹta ni Ààrẹ pè ní ọkàn òfin náà. Ó dìde dúró kó tó sọ ọ́.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, "àwọn òyìnbó wọ̀nyí ní kí ẹ máa gbé ọmọ sórí ìwọ̀n. Mo ti rí ohun tí wọ́n ń gbé sórí ìwọ̀n. Mortadella ni, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wọn yẹn. Ṣé ọmọ tiwa ni wọn yóò máa wọ̀n bí mortadella? Àwa mọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, a mọ ẹni tó jẹ́ àbúrò. Ọmọ tó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yóò mu ṣíbí kan. Àbúrò yóò mu ààbọ̀. Bí àgbà bá sì wà láàárín wọn, kó mu méjì. Ọ̀rọ̀ oògùn ti parí ní Padova."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Fọláyan ní ó ṣe òun láàánú pé ẹni tó kọ́kọ́ ṣe oògùn láyé ti kú, ì bá wá kẹ́kọ̀ọ́ ní Arcella. Ẹ má ta Fọláyan nù. Bí Ààrẹ bá sín, òun ni í sọ pé èyí tó sín lánàá kò dùn tó báyìí.

Láti ọjọ́ náà, ìyá tí ọmọ rẹ̀ bá ń gbóná ní láti gbé e wá sí pálọ̀ Ààrẹ. Yóò kúnlẹ̀. Fọláyan yóò ka oyè Ààrẹ, èyí tó ń gùn sí i lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀. Ààrẹ yóò ṣí àpótí, yóò gbé ṣíbí sókè kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé lè bà lé e, yóò béèrè ipò ọmọ náà nínú ilé, yóò sì da oògùn sínú kọ́ọ̀bù fún ìyá kó gbé e lọ sílé. Nígbà mìíràn ibà ọmọ á ti lọ fúnra rẹ̀ kí oyè tó parí, wọn a sì ka èyí náà kún iṣẹ́ ṣíbí.

Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ rí ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ojúọlá ni orúkọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di ẹrù ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ìbejì rẹ̀. Táyé sanra, kílò méjìdínlógún ni. Kẹ́hìndé tín-ínrín, kò ju mẹ́tàlá lọ, ẹ̀wù Táyé sì máa ń yọ lára rẹ̀ bí aṣọ lára igi. Ibà mú àwọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ojúọlá kúnlẹ̀, oyè parí, Ààrẹ sì béèrè ipò.

Ojúọlá ní ìbejì ni wọ́n, Ààrẹ náà mọ̀ wọ́n.

Ààrẹ ní ẹnikẹ́ni tó bá mọ àṣà mọ̀ pé Táyé kàn wá tọ́ ayé wò ni, Kẹ́hìndé tó rán an níṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n. Nítorí náà Kẹ́hìndé yóò mu ṣíbí kan, Táyé yóò mu ààbọ̀. Ojúọlá wo ọmọ tín-ínrín, ó wo ọmọ tó sanra, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Fọláyan wúkọ́. Ó gbé kọ́ọ̀bù méjèèjì lọ sílé.

Táyé ń gbóná síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kẹ́hìndé ní tirẹ̀ bì, ó sọ pé, "Mamma, ho sonno," pé oorun ń kùn òun, ó sì sùn, ó sùn títí tí ìyá rẹ̀ fi ń gbé ọwọ́ sí imú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà láti mọ̀ bóyá ó ń mí. Ó gbé e lọ bá dottoressa. Dókítà béèrè iye tó mu, Ojúọlá ní ṣíbí Ààrẹ kan. Dókítà béèrè irú oògùn wo, Ojúọlá ní Ìṣọ̀kan ni, orúkọ tí dókítà kò gbọ́ rí. Wọ́n dá Kẹ́hìndé dúró ní ilé ìwòsàn fún ọjọ́ méjì, wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kó tó di pé wọ́n ní kò séwu. Nígbà tó ń lọ sílé, dottoressa fún Ojúọlá ní ìgò tuntun àti síríńjì, ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi ìlà tó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan hàn án.

Ojúọlá kò pariwo. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá kọjú sí Ààrẹ ni gbogbo ìlú yóò máa bẹ̀ kó lọ tọrọ àforíjì, kì í ṣe Ààrẹ. Ó kàn fi síríńjì náà han Tinúkẹ́ aládùúgbò rẹ̀. Tinúkẹ́ fi han ẹlòmíràn. Kó tó pé oṣù kan, kò sí ìyá kan ní Arcella tí kò ní tirẹ̀. Wọn a wá sí pálọ̀, wọn a kúnlẹ̀, wọn a gba kọ́ọ̀bù, wọn a dúpẹ́. Bí wọ́n bá délé, wọn a da oògùn Ìṣọ̀kan nù, wọn a gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, wọn a fa oògùn tòótọ́ sínú síríńjì. Ara àwọn ọmọ ń yá. Ààrẹ ń sanra. Ó ní òun kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé òun ní ẹ̀bùn yìí.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í kúnlẹ̀ ni Oyèrónkẹ́. Ó ti bi ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé kí ni wọ́n kọ sára àwọn ìgò mọ́kànlá náà kí wọ́n tó dà wọ́n pọ̀. Ó ní wọ́n kọ ìyapa sí wọn lára. Oyèrónkẹ́ kò béèrè mọ́.

Ó kù ká sọ ti ọmọ. Nígbà tí Oyèrónkẹ́ wà nínú oyún ni bàbá Akínbọ̀dé kú nílé, nígbà tó sì bí ọkùnrin, ọkọ rẹ̀ sọ ọ́ ní Babárìnsá. Ó ní bàbá òun ló padà wá, ó tilẹ̀ gba ọ̀nà ọkọ̀ òfurufú wá. Pásítọ̀ ìjọ wọn fajú ro. Oyèrónkẹ́ ní tirẹ̀ lọ sí Comune, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ó kọ Testimony sílẹ̀, ó sì padà wálé se oúnjẹ. Ìyá ń pe ọmọ ní Testimony, bàbá ń dọ̀bálẹ̀ fún un láràárọ̀. "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Ọmọ náà a sì fa irun orí bàbá rẹ̀ mọ́wọ́.

Ẹ̀yin náà ti ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ààrẹ kò wò ó.

Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún ọjọ́ tí òfin ti wà, ó ní kí wọ́n ṣe Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọjọ́ Ṣíbí, ó sì kọ lẹ́tà sí Dottoressa Marangon pé kó wá gba ọpẹ́, kó sì wá wo bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ti di ńlá. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ara ọmọ rẹ̀ gbóná. Oyèrónkẹ́ wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, agogo mẹ́wàá ààbọ̀ ló máa ń dé. Bàbá mìíràn ì bá pe dókítà. Akínbọ̀dé rántí pé dókítà ń bọ̀ ní ìpàdé. Ó wá yé e pé ìwòsàn gbangba, níwájú gbogbo ìlú, ni ọjọ́ náà ń dúró dè. Ó ká ọmọ mọ́ inú ìbora, ó mú ṣíbí, ó wọ inú kùrukùru.

Ibi tí a bá a nìyẹn.

Capannone kún. Dottoressa jókòó níwájú pẹ̀lú àpò rẹ̀, kóòtù rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn nítorí òtútù. Férémù wúrà wà lórí tábìlì, ike IBÀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dottoressa tẹ̀ síwájú wo férémù náà, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun rántí ọjọ́ náà, obìnrin tó ń gbá ilẹ̀ fún àwọn ṣì fi tirẹ̀ kọ́ ògiri ilé ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀. Fọláyan, tó ń túmọ̀, sọ fún àwọn ènìyàn pé dókítà ní òun kò rí irú ìwé báyìí rí. Àwọn ọmọdé tó wà lẹ́yìn, tí wọ́n gbọ́ Itálì ju Fọláyan lọ, bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ìyá wọn sì fi ọwọ́ bò wọ́n lẹ́nu.

Ààrẹ sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, èyí sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìṣáájú nìkan. Ọ̀rọ̀ ìkíni gan-an ṣì wà lápò rẹ̀, ewé mẹ́rin. Ó wá gbé ọmọ sókè, ó ní ibà ń ṣe ọmọ òun, òun yóò sì fi í han ayé bí ṣíbí ti ń ṣiṣẹ́.

Fọláyan rí àǹfààní láti yìn ín, kò sì jẹ́ kó kọjá. Ó dìde, ó ní kí Ààrẹ dáríjì òun, ọmọ kọ́ lẹni tó wà lọ́wọ́ wọn. Ó ní Babárìnsá ni. Ó ní bí a bá ń tẹ̀lé òfin kẹta, ta ló dàgbà ju bàbá tó bí Ààrẹ wa lọ nínú ilé yìí? Ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì tútù náà. Àwọn ọkùnrin wo ara wọn. Ọ̀kan dọ̀bálẹ̀, èkejì dọ̀bálẹ̀, kó tó di pé èèyàn ṣẹ́jú, ìdajì capannone ti wà nílẹ̀ níwájú ẹni tí kò tíì hu eyín. Ẹni náà ń jẹ etí fascia.

Orí Ààrẹ wú. Ó ní òótọ́ ni. Ó ní òfin ni òfin. Àgbà ní ṣíbí méjì.

Ó bu ṣíbí kan láti inú Ìṣọ̀kan, ó kún tó fẹ́ dà. Bó ṣe gbé e sókè báyìí, ó rọra dá a dúró lókè ẹnu ọmọ. Gbogbo ẹni tó rí i rò pé oyè ló wúwo.

Dottoressa ti dìde. Ó bi wọ́n ní Itálì pé kí ló wà nínú ike yẹn. Fọláyan, tó ṣì wà nílẹ̀, túmọ̀ rẹ̀ pé dókítà ní àwọ̀ oògùn náà wu òun. Dottoressa tún béèrè, ó sì fi ọwọ́ dí ẹnu ọmọ. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn ṣí, tí kùrukùru àti Oyèrónkẹ́ jọ wọlé. Ápúrọ́ọ̀nù iṣẹ́ ṣì wà lábẹ́ kóòtù rẹ̀. Ó rìn gba àárín àwọn tó dọ̀bálẹ̀ bí ẹni ń rìn láàárín ebè.

"Bàbá Testimony," ó ní, "kí ló wà nínú ike yẹn?"

"Ìṣọ̀kan ni," ni ọkọ rẹ̀ wí.

"Ìṣọ̀kan kí àti kí?"

Ààrẹ wo Fọláyan. Fọláyan wo símẹ́ńtì.

"Bó bá jẹ́ bàbá yín lẹ gbé dání," Oyèrónkẹ́ ní, ohùn rẹ̀ kò ga, "ẹ gbé ṣíbí lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n bu oògùn wọn mu fúnra wọn. Bó bá jẹ́ ọmọ mi ni, ẹ gbé e fún mi."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó sì gbé e mì. Akínbọ̀dé gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀.

Dottoressa ní kí wọ́n mú ṣíbí náà wá fún òun. Ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ padà, ó bu omi sí i kó kún, ó sì mú síríńjì láti fa omi náà kí gbogbo wọn lè rí iye tó ń gbà. Síríńjì mílílítà márùn-ún ni. Ó fà á kún, ó tú u dànù. Ó fà á kún lẹ́ẹ̀kejì. Ó fà á kún lẹ́ẹ̀kẹta, omi sì tún kù nínú ṣíbí. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí kò tilẹ̀ kún ló tó ọmọ yìí, ìyẹn bó bá jẹ́ oògùn tí a mọ orúkọ rẹ̀. Dottoressa wá ní ẹnu síríńjì òun ti kan ṣíbí náà, ṣé ẹnikẹ́ni ní òmíràn tó mọ́.

Kò rò pé ẹnikẹ́ni ní. Ṣùgbọ́n Ojúọlá fi ọwọ́ sábẹ́ gèlè rẹ̀, ó fa ọ̀kan yọ, ó ṣì wà nínú ọ̀rá. Tinúkẹ́ fa tirẹ̀ láti inú àpò. Ẹnìkan fà á láti inú Bíbélì. Kò pẹ́, síríńjì ti yọ lókè káàkiri capannone, bí ogún, ìyàwó Fọláyan sì gbé tirẹ̀ dání, ó ń wo ọkọ rẹ̀ lójú.

Akínbọ̀dé wo gbogbo wọn. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ń kọjá lọ níwájú rẹ̀, àti kọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, àti ibi tí kọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan lọ.

Ṣùgbọ́n dókítà kò ráyè fún ìyẹn. Ó gba síríńjì Ojúọlá, ó gbé ọmọ sórí ìwọ̀n tó kó wá nínú àpò, ó ka kílò méje àti ẹgbẹ̀rin gíráàmù. Ó mú ìgò tuntun jáde. Ó wá dúró. Ó ní òun kò lè fún un ní ẹ̀kán kan títí òun yóò fi mọ ohun tó ti mu láti àárọ̀, àti iye rẹ̀, àti wákàtí rẹ̀, nítorí bó bá ti mu Ìṣọ̀kan, ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lọ báyìí. Ta ló wà pẹ̀lú rẹ̀ nílé?

Gbogbo ojú yí sí Ààrẹ. Ó gbá agbádá sí èjìká. Ó ní gẹ́gẹ́ bí Alábòójútó Àgbà, ìlànà òun ni pé...

"Kọ́lápọ̀," ni Oyèrónkẹ́ wí. Kò pe orúkọ rẹ̀ báyìí rí lójú ènìyàn. "Kí lẹ fún un?"

Ohùn ọjọ́ Ajé ló fi dáhùn, èyí tó fi ń dá capo lóhùn.

"N kò fún un ní nǹkan kan," ó ní. "Ní agogo mẹ́fà, mo gbé ṣíbí sí i lẹ́nu. Mo rí i pé ṣíbí tóbi ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo gbé e kúrò."

Dottoressa béèrè bóyá òótọ́ ni. Oyèrónkẹ́ wo ojú ọkọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ní òótọ́ ni. Ọkàn ìyá àti ọkàn dókítà jọ balẹ̀.

Ojúọlá nìkan ni kò kúrò lójú kan. Kẹ́hìndé dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀wù Táyé.

"Ẹ̀rù bà yín fún tiyín," ó ní. "Tèmi ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó wúkọ́. Fọláyan ti dìde, ó ń gbọn eruku orúnkún, ó sì ń sún mọ́ ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ síhà ibi tí ìyàwó rẹ̀ kò sí. Akínbọ̀dé bọ́ fascia lọ́rùn, ó ká a, kò mọ ibi tí yóò fi sí, ó fi sórí àpótí ṣíbí.

Oyèrónkẹ́ gbé ọmọ jókòó dáadáa lórí itan rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀. Dottoressa fa oògùn dé ìlà tó yẹ, ó fi ẹnu síríńjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró kó gbé e mì. Ọmọ náà fajú ro, ó gbé e mì, ó sì na ọwọ́ sí gèlè ìyá rẹ̀. Dottoressa wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní kí ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n má bàa fún un ní òmíràn kó tó tó wákàtí mẹ́fà.

"Subito, dottoressa," ni Akínbọ̀dé wí.

Ó fa ewé ọ̀rọ̀ ìkíni rẹ̀ yọ lápò, ó yí i sí ẹ̀yìn níbi tí kò sí nǹkan, ó sì kọ ọ́ pé: Testimony, kílò méje àti ẹgbẹ̀rin gíráàmù, mílílítà mẹ́ta ààbọ̀, agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.